Òrùlé Tí Remei Ń Bèèrè

Remei Vilaplana kò lè fara da ẹni tó bá ń yin nǹkan tí kò lò rí. Ó lé ní ọgbọ̀n ọdún tó fi dáná ní ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọdé ní Sant Grau, ìlú kékeré tí kò jìnnà sí Barcelona, ojú rẹ̀ sì rí oríṣiríṣi ọ̀gá tó ń ti ọ́fíìsì wá. Wọ́n á fi ṣíbí bu ọbẹ̀ ẹ̀wà kan ẹnu, wọ́n á ní, "Ó dùn o!" wọ́n á sì gba ilé oúnjẹ olówó lọ jẹun ọ̀sán wọn. Ojú tí Remei fi ń sìn wọ́n jáde, kò sí ẹni tó rí i tí kò ní sọ pé ó sàn kí obìnrin yìí bú òun. Ètè ìsàlẹ̀ á yọ síta díẹ̀, imú á sì fẹ̀. Ojú yẹn náà ló fi wo ọkọ tó fẹ́ ẹ fún ọdún méjì tó sì sá lọ sí Faransé. Kò sunkún. Ó ní ọkùnrin tí kò lè rántí pa iná yàrá tó bá ń jáde, ibo ló fẹ́ dé?

Ẹnì kan ṣoṣo ló wà láyé tí Remei kì í yọ ètè sí, ìyẹn Assumpta ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Onísùúrù ni Assumpta, ó máa ń rẹ́rìn-ín, ó sì mọ káàdì í ta. Lọ́sàn-án gbogbo, lẹ́yìn kọfí, ilé ọtí Cisco tó wà nísàlẹ̀ òpópónà ni ẹ óò ti bá a, níbi tí òun àti àwọn mẹ́ta mìíràn ti ń ta káàdì tí wọ́n ń pè ní butifarra, méjì sí méjì, títí ilẹ̀ á fi ṣú. Àwọn tó ń wòran ní bí Assumpta bá rẹ́rìn-ín sí ọ nídìí káàdì, kí o yáa gbà pé wọ́n ti nà ọ́ tán. Kò lọ́kọ, kò bímọ, kò sì kábàámọ̀ ọ̀kankan nínú méjèèjì. Káàdì yẹn ló ń gbé e dìde láàárọ̀.

Nígbà tí wọ́n wó àwọn ilé àtijọ́ tó wà létí ojú irin reluwé, wọ́n kó àwọn méjèèjì pẹ̀lú àwọn aládùúgbò wọn sínú ilé tuntun alájà márùn-ún kan. Ọ̀gbẹ́ni Guifré Solanell, ayàwòrán-ilé, ló ya àwòrán rẹ̀. Ọkùnrin gíga kan ni, tó máa ń wọ aṣọ dúdú láti òkè délẹ̀ bí oòrùn oṣù Ògọ́ọ̀sì tilẹ̀ ń yan ènìyàn láàyè. Òkè pátápátá ni yàrá àwọn Vilaplana wà. Bí ènìyàn bá jáde níbẹ̀, ọ̀dẹ̀dẹ̀ gígùn kan ló máa gbà dé ìdí lífíìtì tó wà ní òpin kejì. Kankéré dídán ni ilẹ̀ ọ̀dẹ̀dẹ̀ náà, kò sì ní òrùlé. Ẹ gbọ́ mi dáadáa: ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni, kò sì ní òrùlé. Lọ́jọ́ tí wọ́n pín kọ́kọ́rọ́, ẹnì kan bi Guifré pé kí ló dé.

Ó na ọwọ́ sókè. "Ojú ọ̀run ni òrùlé yín," ló wí.

"Ṣé ojú ọ̀run náà ló wà lórí yàrá tìẹ?" ni Remei bi í. Guifré ti kọjú síbòmíràn. Ẹnì kan ń ya fọ́tò rẹ̀ lọ́wọ́.

Òjò kò bá ẹnì kan ṣọ̀rẹ́, ẹni eji bá leji ń pa. Nígbà òtútù àkọ́kọ́ tí wọ́n lò níbẹ̀, Assumpta ń bọ̀ láti ìdí káàdì, ilẹ̀ kankéré yẹn tutù, ó ń dán bí awo tí wọ́n fọ̀ tán. Ó yọ̀, ó sì fi ìbàdí lulẹ̀. Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún un, wọ́n sì fún un ní irin ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin tó ń tì síwájú láti fi rìn. Láti ìgbà náà, bí oòrùn bá ràn, ó ń lọ sí ilé ọtí Cisco. Bí òjò bá ṣú, inú ilé ló ń wà, á jókòó sẹ́bàá fèrèsé, á máa wo omi tó ń dà sórí ọ̀dẹ̀dẹ̀.

Remei lọ sí ọ́fíìsì àwọn tó ń bójú tó ilé náà títí ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà fi mọ orúkọ rẹ̀. Níkẹyìn, Ọ̀gbẹ́ni Pujadas, ọ̀gá ibẹ̀, gbà. Ó ní àwọn á fi irin àti gíláàsì ṣe òrùlé sórí ọ̀dẹ̀dẹ̀ náà, kò sì ní pẹ́. Kódà àwọn òṣìṣẹ́ wá wọn ibẹ̀. Assumpta fún wọn ní kọfí. Gbogbo nǹkan ti ń lọ bó ṣe yẹ kí àmì ẹ̀yẹ tó dé.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí wọ́n ṣe ń fún ni ní àmì ẹ̀yẹ ìkọ́lé yìí, nítorí àwọn tó ń fún ni kì í sọ ọ́ báyìí. Ọdún méjì méjì ni. Ẹgbẹ́ àwọn ayàwòrán-ilé ní orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan á kọ́kọ́ dá orúkọ ilé lábàá, ìyẹn ni pé àwọn ayàwòrán-ilé á máa yan ara wọn. Ọgọ́rọ̀ọ̀rún ilé á jọ láti gbogbo Yúróòpù. Adájọ́ méje, tó jẹ́ pé ayàwòrán-ilé ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn náà, á ti ilẹ̀kùn mọ́rí, wọ́n á máa wo fọ́tò. Wọ́n á ṣa ogójì. Wọ́n á tún ṣa márùn-ún nínú ogójì. Títí dé ibẹ̀, kò sí ẹni tó tíì fẹsẹ̀ tẹ ìloro ilé kankan. Àwọn àgbà ní ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Àwọn wọ̀nyí á ti sọ ọmọ lórúkọ tán kí wọ́n tó wo ilé. Márùn-ún yẹn nìkan ni wọ́n á wọ ọkọ̀ òfuurufú lọ yẹ̀ wò fúnra wọn, wọ́n á sì yan ọ̀kan. Òfin wọn kan ṣoṣo tó ní làákàyè ni pé bí wọ́n bá dé ilé kan, wọ́n gbọ́dọ̀ bá ẹni tó ń gbé ibẹ̀ sọ̀rọ̀, kí ayàwòrán-ilé má sì sí níbẹ̀.

Ilé wa ní Sant Grau wọ inú márùn-ún.

Pujadas fúnra rẹ̀ ló wá sọ fún Remei. Ẹnu ọ̀nà ló dúró sí, kò fẹ́ wọlé.

"Ẹ wò ó, Màmá," ló wí, "a ní láti dá ọ̀rọ̀ òrùlé yẹn dúró ná."

"Nítorí kí ni?"

"Àwọn adájọ́ ń bọ̀. A ò lè máa to irin kiri níbi tí wọ́n fẹ́ wò."

"Tí wọ́n bá wá lọ ńkọ́?"

Pujadas wo bàtà ara rẹ̀. "Bí ilé náà ò bá mókè, ọ̀sẹ̀ kejì la máa bẹ̀rẹ̀. Bó bá mókè… Màmá, ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n. Ilé tí gbogbo Yúróòpù fún lẹ́yẹ, ta ló máa láyà pé òun fẹ́ yí i padà? Solanell ò ní fọwọ́ sí i láé."

"Ẹ̀yin lẹ ni ilé. Ẹ̀yin lẹ san owó rẹ̀."

"Bẹ́ẹ̀ ni," ni Pujadas wí. Ojú ń tì í, mo gbà bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ojú títì rẹ̀ kò lè di òrùlé.

Báyìí ni Remei ṣe di ẹnì kan ṣoṣo ní Sant Grau tó ń gbàdúrà kí ìlú rẹ̀ pàdánù.

Lọ́sẹ̀ tó ṣáájú ìbẹ̀wò náà, Guifré pe gbogbo ayálégbé jọ sí yàrá ìpàdé ìsàlẹ̀. Ó mú bisikíìtì wá. Nígbà tí wọ́n jẹ ẹ́ tán, ó pa àtẹ́lẹwọ́ pọ̀ bí ẹni tó fẹ́ tọrọ nǹkan.

"Ẹ̀yin ará ilé mi, ọjọ́ kan péré ni mò ń bẹ̀ yín fún. Ẹ bá mi kó àwọn àga yẹn wọlé. Àwọn ìkòkò òdòdó náà. Aṣọ tó wà lórí okùn. Àti… ẹ má bínú o, àwọn ìbòjú onípákó aláwọ̀ ewé tí ẹ ta síwájú fèrèsé."

"Àwọn ìbòjú yẹn ni ò jẹ́ kí oòrùn pa wá," ni Remei wí.

"Mo mọ̀, Màmá."

"O mọ̀ kẹ̀? Ọjọ́ wo lo sùn síbí?"

Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Guifré náà rẹ́rìn-ín, ó ní kí wọ́n ṣáà jẹ́ kí àwọn adájọ́ rí ilé náà bí òun ṣe rò ó. Ohun tó wí gan-an nìyẹn. Ọdún mélòó ni àwọn ènìyàn ti ń gbé inú nǹkan, síbẹ̀ bó ṣe rò ó ló fẹ́ kí wọ́n rí.

Nígbà tí wọ́n ń túká, Remei fa Eudald lápá. Eudald ń gbé ilé kejì sí tiwọn. Awakọ̀ tírélà ni tẹ́lẹ̀, ó lóhùn bí fèrè ọkọ̀, kò sì sí ẹni tó mọ sàdíìnì í yan tó o.

"Eudald, sàdíìnì mélòó lo lè yan lẹ́ẹ̀kan?"

"Ó dọwọ́ iye ológbò tó bá jí. Kí ló dé?"

"Mo fẹ́ kó rùn délé àwọn adájọ́."

Eudald wò ó. "Ìwọ obìnrin yìí, o fẹ́ ba iṣẹ́ ọmọ ọlọ́mọ jẹ́."

"Òrùlé ni mo fẹ́. Bí ilé yìí bá rí wúruwùru lójú wọn, wọ́n á lọ fún ẹlòmíràn. Ìwọ náà gbọ́ nǹkan tó sọ. Ohun tó ń bà á lẹ́rù ni ká gbé jáde."

Ọ̀rọ̀ náà bọ́gbọ́n mu. Ẹnikẹ́ni nínú wa ì bá rò ó bẹ́ẹ̀. Gbogbo ayàwòrán-ilé tí Sant Grau ti rí rí, ilé òfìfo ni wọ́n ń fẹ́, kí wọ́n tó ya fọ́tò wọ́n á gbé kẹ̀kẹ́ ọmọdé pàápàá kúrò. Ta ló mọ̀ pé irú wọn míì wà?

Lọ́jọ́ tí àwọn adájọ́ máa dé, oòrùn ràn bí ẹni pé Guifré ló san owó rẹ̀. Ilẹ̀ ọ̀dẹ̀dẹ̀ gbẹ kangbe. Ṣùgbọ́n Remei ti ṣiṣẹ́. Àga mẹ́wàá ló wà níta, kò sí méjì tó bára mu. Ṣòkòtò abẹ́ Eudald ń fẹ́ lórí okùn, ó tóbi tó aṣọ ìgbòkun. Ìbòjú aláwọ̀ ewé wà lójú gbogbo fèrèsé. Èéfín sàdíìnì gba gbogbo òkè. Assumpta jókòó láàárín, irin rẹ̀ wà níwájú, ó ń fi tòmátì pa búrẹ́dì fún ẹnikẹ́ni tó bá kọjá.

Bọ́ọ̀sì kékeré kan já wọn sílẹ̀. Àwọn méje, aṣọ dúdú méje. Nígbà tí Guifré jáde nínú lífíìtì tó rí ṣòkòtò Eudald, ẹ̀jẹ̀ kúrò lójú rẹ̀. Ọ̀gá àwọn adájọ́, obìnrin ará Norway kan tó ń jẹ́ Marit Hovland, ní kó padà sísàlẹ̀ lọ dúró dè wọ́n, bí òfin ṣe wí. Ó padà. Bí ó ṣe wo Remei kó tó padà, Remei gbádùn rẹ̀ ju oúnjẹ lọ.

Ọ̀kan nínú àwọn adájọ́ náà, ará Valencia, gbọ́ èdè wa yékéyéké, òun ló ń túmọ̀ ọ̀rọ̀ fún àwọn yòókù.

"Màmá, ta ló gbé àwọn àga yìí síta?" ló bèèrè.

"Àwa ni. Ẹni tó kọ́lé ní ká kó wọn wọlé. A ò kó wọn."

Àwọn adájọ́ wo ara wọn.

"Àwọn ìbòjú yìí ńkọ́?"

"Owó ara wa la fi rà wọ́n. Kò ya ibòji kankan sínú àwòrán rẹ̀. Bóyá kì í làágùn."

"Ẹ kórìíra ilé yìí nìyẹn?" ni Marit bèèrè nípasẹ̀ rẹ̀.

"Mi ò kórìíra ilé. Ilé ò ní làákàyè. Ẹni tó kọ́ ọ ni mò ń wò." Remei tọ́ka sílẹ̀. "Ẹ wo kankéré yìí. Bí òjò bá rọ̀, ó ń yọ̀ bíi yìnyín ni. Ẹ̀gbọ́n mi rèé. Ibi tí ẹ dúró sí yẹn ló ti ṣubú. Bí òjò bá ń rọ̀, kò lè dé ìdí lífíìtì, bíi pé ẹ̀wọ̀n ni wọ́n jù ú sí. Ojoojúmọ́ là ń bá ilé yìí jà. Ẹ lọ wá ilé tó bá dáa, kí ẹ fún wọn lẹ́bùn yín, kí ẹ jẹ́ ká ríbi ṣe òrùlé."

Assumpta rẹ́rìn-ín, ó na búrẹ́dì tó ń kán fún òróró sí Marit. Marit gbà á, ó jẹ ẹ́. Omi lé ròrò sí ojú rẹ̀, ó sì fi ọwọ́ kejì di ọwọ́ Assumpta mú. Àwọn mẹ́fà yòókù ń ya fọ́tò: àga, ìbòjú, ṣòkòtò, èéfín. Wọ́n jẹ sàdíìnì Eudald tán pátá. Nígbà tí bọ́ọ̀sì wọn lọ, Remei jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

"Ó ti parí," ló wí. "O rí ojú obìnrin yẹn? Àánú wa ṣe é. Wọn ò jẹ́ fún Guifré láé."

"Ó jẹun dáadáa," ni Assumpta wí.

Kò pẹ́ tí wọ́n fi kéde rẹ̀ lórí tẹlifíṣọ̀n. Ilé Sant Grau ló mókè. Remei wà nídìí ọbẹ̀, ó sì gbọ́ tí Marit Hovland ń sọ̀rọ̀, tí wọ́n ń túmọ̀ rẹ̀. Ó ní ilé mẹ́rin yòókù, wọ́n ti gbá wọn mọ́ de àwọn, kò sí àga, kò sí aṣọ, àwọn ò rí ẹ̀dá alààyè nínú wọn. Ó ní ní Sant Grau, àwọn rí àwọn ènìyàn tó ń bá ilé wọn jà lójoojúmọ́, ìjà yẹn gan-an sì ni ìyè tí iṣẹ́ ìkọ́lé Yúróòpù ti sọ nù. Ó wá yin ọ̀dẹ̀dẹ̀ náà ní pàtàkì, pé ìgboyà ńlá ni pé ayàwòrán-ilé náà kọ̀ láti fi òrùlé bò ó.

Remei pa iná ọbẹ̀. Ó jókòó. Ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi ṣe ara rẹ̀, ó sì mọ̀ ọ́n. Ká ní ó kó àga wọlé ni, ká ní ó dákẹ́, ká ní ó ṣe bí Guifré ṣe bẹ̀ ẹ́, ilé náà ì bá mọ́ tónítóní bíi ti àwọn mẹ́rin yòókù, wọn ì bá sì ti kọjá lọ. Òun gan-an ló gba àmì ẹ̀yẹ náà fún ọkùnrin tí kò kà sí ènìyàn.

Kí ilẹ̀ tó ṣú, Guifré ti dé pẹ̀lú ọtí cava lọ́wọ́ méjèèjì. Ó ń fò sókè lórí ọ̀dẹ̀dẹ̀.

"Màmá! Ẹ̀yin lẹ gbà á! Ẹ sì rí i, èmi ni mo ní kí ẹ kó wọn wọlé! Mi ò gbọ́n rárá!"

"Òótọ́ àkọ́kọ́ tí mo gbọ́ lẹ́nu rẹ nìyẹn," ni Remei wí. "Òrùlé wa ńkọ́?"

"Òrùlé?" Ó wò ó bí ẹni pé ó bèèrè ìyẹ́ apá. "Ẹ ò gbọ́ ohun tí wọ́n sọ ni? Àìlórùlé yẹn ni wọ́n fi yìn wá!"

Pujadas ò wá. Orí tẹlifóònù ló ti pè. Ó kí Remei kú oríire.

Òjò pọ̀ lóṣù Karùn-ún ọdún náà, irú èyí tí a kì í sábà rí. Assumpta ò jáde ní ọ̀sẹ̀ kìíní, kò jáde ní ìkejì. Ní ìkẹta, Cisco tó ni ilé ọtí gòkè wá kí i, ó gbé àkàrà òyìnbó wá, ó ń fi fìlà nu ojú. Ó ní kó má bínú. Ó ní àwọn mẹ́ta yòókù ti mú ẹlòmíràn sí ipò rẹ̀, ọkùnrin kan tó ń pín lẹ́tà tẹ́lẹ̀.

"Ṣé ó mọ̀ ọ́n ta?" ni Assumpta bi í.

"Kò mọ nǹkan kan. Ṣùgbọ́n ó máa ń wá."

Assumpta ní ó dáa bẹ́ẹ̀. Ó gé àkàrà náà fún Cisco, ó bá a ṣe yẹ̀yẹ́ nípa ìyàwó rẹ̀ bó ṣe máa ń ṣe. Remei wà ní ilé ìdáná, ó di abọ́ kan mú, kò sì lè gbé e sílẹ̀. Inú bí i débi tí etí rẹ̀ fi ń ho.

Nígbà tí wọ́n pè é síbi ayẹyẹ ìfúnni ní Barcelona, ó ní òun ò lọ. Assumpta ló ní kó lọ.

"Gbogbo wọn ló máa wà níbẹ̀, Remei. Pujadas, àwọn ọ̀gá ìlú, àwọn tó fún un lẹ́yẹ. Sọ ọ́ lójú gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan. Wọ́n á tijú."

"Àwọn wo ló ń tijú?"

"Lọ, àbúrò mi. Nítorí tèmi."

Gbọ̀ngàn oní-gíláàsì kan ni wọ́n ti ṣe é, lọ́sàn-án gangan. Òjò ń rọ̀. Òrùlé ibẹ̀ ni Remei kọ́kọ́ wò: ó fẹ̀, ó nà kọjá ògiri níhà gbogbo, débi pé àwọn tó ń mu sìgá níta pàápàá, omi kò kán sí wọn lára. Wọ́n sọ̀rọ̀, wọ́n tún sọ̀rọ̀. Ẹnì kan sọ̀rọ̀ nípa Yúróòpù. Ẹnì kan sọ̀rọ̀ nípa ọjọ́ iwájú. Guifré gba ère kékeré kan, ó sunkún, ó sì ní òun fẹ́ kí obìnrin tó jẹ́ ọkàn ilé náà wá sọ̀rọ̀.

Remei gòkè lọ. Ẹ̀rọ gbohùngbohùn ga jù, wọ́n bá a rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀.

"Orúkọ mi ni Remei Vilaplana," ló wí. "Òjò ń rọ̀ níta. Ẹ̀gbọ́n mi wà nílé, kò lè jáde, torí pé ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé tí ẹ fún lẹ́yẹ yìí ò lórùlé. Ó ti ṣubú níbẹ̀. Wọ́n ti fẹ́ ṣe òrùlé náà fún wa, ẹ̀yẹ yín ló dá a dúró. Ìwà àgbàyà ni. Kò sí nǹkan tí a fẹ́ lọ́wọ́ yín ju òrùlé yẹn lọ. Ṣé ẹ máa jẹ́ kí wọ́n ṣe é?"

Remei wo Pujadas níwájú, Pujadas ń wo ilẹ̀. Ó wo Marit Hovland, ó sì dúró de èsì.

Marit dìde. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í pàtẹ́wọ́. Àwọn adájọ́ dìde, àwọn ọ̀gá ìlú dìde, gbogbo gbọ̀ngàn dìde. Remei gbé ọwọ́ sókè kí wọ́n lè dákẹ́ kó gbọ́ ìdáhùn, wọ́n rò pé ó ń kí wọn, wọ́n sì pàtẹ́wọ́ kíkankíkan sí i. Guifré gbá a mọ́ra, ó ń fi omijé rin ín léjìká. Nígbà tí ariwo lọ sílẹ̀, wọ́n ti ń sìn ín lọ síbi tí ọtí wà, olórin sì ti gba ẹ̀rọ náà.

Ó kọ ọtí. Ó wọ ọkọ̀ ojú irin padà sí Sant Grau, ó sì rọra gba orí kankéré yẹn dé ẹnu ilẹ̀kùn, ó ń fi ọwọ́ tọ ògiri. Assumpta ti wọ aṣọ rere rẹ̀, ó jókòó sẹ́bàá fèrèsé.

"O sọ ọ́?"

"Mo sọ ọ́."

"Lójú gbogbo wọn?"

"Lójú gbogbo wọn. Mi ò fi ẹyọ kan pa mọ́."

"Wọ́n gbọ́ ọ?"

"Wọ́n gbọ́ mi yéké." Remei bọ́ bàtà rẹ̀ tó ti rin. "Wọ́n pàtẹ́wọ́."

Ojú Assumpta tàn. "Wọ́n máa ṣe é nìyẹn?"

"Gbogbo wọn ló dìde dúró, ẹ̀gbọ́n mi," ni Remei wí. "Wọ́n pàtẹ́wọ́ títí."